Ọjọ́ Méje Marufat àti Mọ́tò Oníná

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Marufat fi wa mọ́tò olówó nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá obìnrin ń kó èrò ní Takie láàárín ìlú. Ó ń kó o, ó sì mọ mọ́tò wà ju ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ pariwo ní páàkì lọ. Láàárọ̀, yóò lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni mọ́tò. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Mọ̀gàríbì, yóò dá a padà. Ọ̀kan nínú àwọn olówó mọ́tò yìí tilẹ̀ máa ń yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mẹta, tí yóò máa fi ọwọ́ pa á lára kó tó gba kọ́kọ́rọ́, àfi bíi pé Marufat ti bù jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Haneefah, bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá méjì tó háyà nítòsí Sábó. Ìrìn yẹn kọ́ ló ń dùn ún. Ọwọ́ tó ṣófo ló ń dùn ún, pé ohun tí òun fi gbogbo ọjọ́ tọ́jú, ilé ẹlòmíì ni yóò sùn.

Nígbà tí epo wá gbówó lórí tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́, èrò kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan wà l'Ọ́yọ̀ọ́ tó ń fi mọ́tò oníná háyà fún awakọ̀. Wọn kì í tà á o, wọ́n ń fi í háyà ni, fún ọdún méjì, wàá máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò ní í mu epo. Kò sì ní í sí ẹni tí wàá máa dá kọ́kọ́rọ́ padà fún nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ epo wọ Marufat létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn ló wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé èrò náà kọjá ibi tó ní òun fẹ́ bọ́ sí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ tó fi ṣọdún Iléyá, ó gba Ọ̀yọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dorcas ló bá nínú ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà. Dorcas yẹ láísẹ́ǹsì rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ nǹkan sílẹ̀, Marufat sì ti ń wo àwọn mọ́tò funfun tó tò sẹ́yìn fèrèsé, ó ti ń mú èyí tó wù ú.

"Níbo lẹ ó ti máa ṣáàjì ẹ̀, mà?" ni Dorcas bi í.

"Nílé ni."

"Ilé tiyín ni?"

"Ilé tí mo háyà ni."

Dorcas fi bírò sílẹ̀. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, àánú ló ṣe é. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń kọsẹ̀: wọn á gbé mọ́tò délé, lánlọ́ọ̀dù á ní kí wọ́n fa wáyà òun yọ, mọ́tò á wá kú sójú títì. Nítorí náà, kí Ìyá Haneefah lọ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ ẹni tó ni iná tí yóò máa lò. Tó bá mú un dé, wọn yóò fún un ní mọ́tò, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ìdánwò ni.

"Mọ́tò yìí ń ròyìn ara ẹ̀ fún wa, mà. Tí iná inú ẹ̀ bá tán pátápátá, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, à ń bọ̀ wá gbé e nìyẹn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀."

Àlàájì Mìkáílù ni lánlọ́ọ̀dù ilé tí Marufat ń gbé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ iná, kò mọ ẹnì kankan rí. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò, wọ́n ń dáwó sí i. Láti ọjọ́ tí ayálégbé kan ti gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí iná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni Àlàájì ti fòfin de áyọ́ọ̀nù, ó fòfin de sítóòfù oníná, ó sì máa ń lọ dúró níwájú mítà nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Géètì ńlá náà, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ló wà. Òun nìkan ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kiri, mọ́tò ayálégbé kankan kò sì gba ibẹ̀ wọlé rí. Pìjó rẹ̀ àtijọ́ nìkan ló wà nínú ọgbà, lórí búlọ́ọ̀kù, tí adìyẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀.

Marufat kúnlẹ̀ rò ó fún un.

"Mọ́tò tó ń jẹ iná," ni Àlàájì wí. "Ìyá Haneefah, áyọ́ọ̀nù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, mi ò gbà á nínú ilé yìí. Odidi mọ́tò lo wá fẹ́ kí n gbà?"

"Màá san owó iná tó bá jẹ, Àlàájì. Lọ́tọ̀ ni màá máa san án."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Dìde, ìyá mi. Mi ò lè kọ lẹ́tà yẹn."

Ó dìde. Kò bínú. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: ó bínú débi pé kò lè jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ Ifáyẹmí lọ. Wẹ́dà ni Ifáyẹmí, Takie ló ti ń jó irin. Ògún ló ń bọ, Marufat ń kírun, ìyẹn kò sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí, nítorí ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá a jó ilẹ̀kùn mọ́tò olówó tó bá já. Iná kì í sábà lọ lágbègbè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì lágbára.

Ifáyẹmí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin. "Ṣé irin ni?" ló bi í.

"Irin ni, Bọ̀dá."

"Ẹ gbé e wá nígbà náà. Kí la tún fẹ́ máa rò nínú ẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án tí a bá ń jó irin, iná ibí ò lè gbé méjèèjì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la máa ń káṣẹ́, aago mẹ́sàn-án ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Àárín ìyẹn ni tiyín."

Wákàtí mẹ́ta lóòjọ́. Dorcas sì ti sọ fún un pé wákàtí mẹ́ta kò lè ṣáàjì mọ́tò náà ju ìdajì lọ. Ó túmọ̀ sí pé ohun tí Marufat bá fẹ́ rìn lójúmọ́, kò gbọdọ̀ ju ìdajì agbára mọ́tò. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní wákàtí kan ni wọ́n fún un, ì bá gbà á.

Ó mú lẹ́tà Ifáyẹmí lọ, ọjọ́ Ajé sì ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú obìnrin yìí dùn. Ó tẹ bọ́tìnnì, kò gbọ́ nǹkan kan, ó rò pé kò tíì tàn, ó tún un tẹ̀, ó pa á. Dorcas ló wá bá a tàn án padà. Nígbà tó já sí títì Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́, kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, kò sí òórùn epo, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ ẹ lójú, nọ́ńbà iná tó ṣẹ́ kù sì ń tàn níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń hàn lórí fóònù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú mọ́tò tó ń lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin. Ó kọrin láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún àfìgbà tí iyọ̀ kan òun lẹ́nu.

Ní Takie, mọ́tò náà di ìran. Ìyá arúgbó kan wọlé, ó jókòó, ó dì mọ́ àpò rẹ̀, ó wá ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ ṣáná sí i ká máa lọ." Marufat ní, "A ti ń lọ, Ìyá." Ìyá bojú wo ìta, ó rí ilé tó ń kọjá, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi já a sílẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, èrò ti ń fò mọ́tò mìíràn dá láti wá jókòó sínú oníná. Aago mẹ́fà bá kọ, Marufat a gba ọ̀dọ̀ Ifáyẹmí lọ, a fi wáyà sí i, a jókòó lórí àga onípákó tì í. Bí aago mẹ́sàn-án bá lù, a gbé e lọ sí iwájú géètì Àlàájì, níta, a bò ó, a mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọlé. Ó ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín tó bá wù yín.

Bí ọjọ́ márùn-ún ṣe lọ nìyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọjọ́ kẹfà, tí í ṣe Sátidé, iná kò wá ní Takie. Wọ́n ní tíransífọ́mà àdúgbò ló jó. Marufat jókòó ti mọ́tò títí Ifáyẹmí fi ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ keje ṣe mọ́, márùndínlọ́gọ́ta ló ṣẹ́ kù nínú ọgọ́rùn-ún. Kò kó ìpayà bá a. Ó ti pinnu pé òun kò ní í jáde rárá. Kí mọ́tò jókòó jẹ́ẹ́ títí di aago mẹ́fà, kí ìdánwò parí, kó tó di pé òun tún ń wá èrò.

Ìgbà náà ni Àlàájì Mìkáílù kan ilẹ̀kùn, ti òun ti agbádá.

"Ìyá Haneefah, ọjọ́ méje lónìí tí o ti gbé mọ́tò wọlé, ìyá tó bí ọ lọ́mọ ò tíì fojú kàn án. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Múra, èmi fúnra mi ni màá bá ọ lọ fi hàn wọ́n."

Ẹ wò ó, kí ni kó sọ? Ṣé yóò sọ fún lánlọ́ọ̀dù, baba ńlá bẹ́ẹ̀, tó fi agbádá múra láti lọ kí ìyá ẹni, pé rárá? Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe Marufat, kò sì sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kò ní í ṣe é. Ó ṣírò rẹ̀ kíákíá: Ìkòyí-Ilé ni ìyá òun wà, àlọ àtàbọ̀, tí a bá rọra, yóò ṣẹ́ ku díẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n Àlàájì kò mọ̀ pé à ń rọra. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Sábó. Wọ́n yà. Ó ní éésì yìí dára o, kó fi kún un. Ó fi kún un. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìkòyí-Ilé, ọgbọ̀n ló kù.

Ìyá Marufat jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró, ó wo mọ́tò, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Tìẹ ni?"

"Háyà ni, Ìyá."

"Ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ nírọ̀lẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbà á."

Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. "Tìẹ ni nígbà náà," ló wí.

Nílé wọn níbẹ̀, àgbà kì í dúró síta gbàdúrà sí mọ́tò tuntun. Ó ní láti jókòó sínú rẹ̀, kí àdúrà lè wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ìyá jókòó, ó ṣàdúrà. Àbúrò Ìyá jókòó. Baba tó wà lódìkejì ọ̀nà wá jókòó. Oòrùn mú, éésì ń fẹ́, gbogbo ara ilé ń ṣe àmín, Marufat náà ń ṣe é, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára nọ́ńbà. Baba òdìkejì ọ̀nà nìkan jẹ nọ́ńbà méjì. Ìyá di iṣu ogún sí búùtù, nítorí pé ọmọ kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Àlàájì náà ra èlùbọ́ àpò méjì, ó ní ó dínwó ju ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n yóò fi dìde, mẹ́tàdínlógún ló kù, ó sì ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́rin.

Wọn kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tó fi di mẹ́jọ. Iná pupa kan tàn níwájú Marufat. Ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lẹ́bàá obìnrin kan tó ń ta ọsàn.

"Kí ló dé?" ni Àlàájì bi í.

Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀: ọjọ́ méje, aago mẹ́fà, Dorcas, pé mọ́tò ń ròyìn, pé tó bá kú sójú ọ̀nà yìí, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n títí tó fi dé ibi tó ti ní, "Màá tún padà máa dá kọ́kọ́rọ́ padà, Àlàájì." Ibẹ̀ ló ti gbọ̀n.

Àlàájì na ọwọ́, ó pa éésì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò èlùbọ́ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Àlàájì tí kì í jẹ́ kí wọ́n dá omi nù nílé rẹ̀. Ó ní kí obìnrin ọlọ́sàn bá òun ṣọ́ ọ. Wọ́n kó iṣu ogún jáde tẹ̀ lé e.

"Kí ló tún wúwo níbẹ̀?" ló bi í.

Marufat ń wo ilẹ̀. Ta ni yóò dáhùn ìyẹn? Àlàájì dúró, ó wo inú mọ́tò tó ti ṣófo, ó wo ikùn ara rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ló wí, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Ló bá nawọ́ dá ọ̀kadà dúró, ó ká agbádá sí èjìká, ó gùn ún. "Máa lọ. Mo wà lẹ́yìn ẹ."

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Marufat ṣí gbogbo fèrèsé, ó fi mọ́tò sínú ìrìn jẹ́jẹ́, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Àlàájì ń bọ̀ lẹ́yìn lórí ọ̀kadà, agbádá ti tú, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, tírélà tó bá sì fẹ́ fi fèrè dààmú Marufat, Àlàájì á nawọ́ sí i pé kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Mẹ́fà. Márùn-ún. Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, Marufat gbé ẹsẹ̀ kúrò, mọ́tò ń yí lọ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà kúrò ní márùn-ún, ó di mẹ́fà. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Dorcas pé tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, a máa rí iná díẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó kígbe lóun nìkan nínú mọ́tò. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń kí bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́, gbogbo òkè ló ń bẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì tún ń dùn, mi ò mọ bí méjèèjì ṣe gbà á láàyè nígbà kan náà.

Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ló yọ sí Takie. Méjì ló kù. Ifáyẹmí jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó káwọ́ gbera. Bó ṣe rí i ló ti dìde, ó sì mi orí.

"Kò tíì dé o, Ìyá Haneefah. Láti àná. Wọ́n ṣì wà nídìí ẹ̀."

Marufat gbé orí lé sítíárìn. Ọ̀kadà dé, ó dúró. Àlàájì bọ́ sílẹ̀, eruku ti sọ fìlà rẹ̀ di pupa. Ifáyẹmí tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. Àlàájì wo Ifáyẹmí, ó wo wáyà tó ká sílẹ̀, ó wo obìnrin tó gbé orí lé sítíárìn. Gbogbo Takie mọ̀ pé iná tí wọ́n ń lò nítòsí Sábó kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ibẹ̀.

"Ìyá Haneefah, máa bọ̀ nílé," ló wí. Ó tún gun ọ̀kadà, ó ṣíwájú.

Ifáyẹmí ká wáyà, ó jù ú sẹ́yìn mọ́tò. Láti Takie dé ilé kò jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó jìnnà. Nọ́ńbà di ọ̀kan níwájú ilé kejì sí tiwọn. Nígbà tí Marufat yíjú sí géètì tó ti ń gbé mọ́tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó bá a ní ṣíṣí gbayawu, Àlàájì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń lé àwọn adìyẹ. Ó wọlé, ó dúró ti Pìjó. Àlàájì fúnra rẹ̀ na wáyà gba ojú fèrèsé pálọ̀ rẹ̀, ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ṣẹ́jú lára mọ́tò. Gbogbo ayálégbé ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo Àlàájì, wọ́n ń wo mítà.

"Kí ẹnì kankan má wá bá mi sọ ti áyọ́ọ̀nù o," ni Àlàájì wí láìwẹ̀yìn. "Lọ́la màá ra mítà kékeré fún un lọ́tọ̀. Ohun tó bá jẹ, òun ló máa san án."

Aago mẹ́fà kọ. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ Dorcas wọlé sórí fóònù: Ọjọ́ méje pé, mà. Mọ́tò di tiyín fún ọdún méjì. Marufat kà á, ó tún un kà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè dìde. Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi pe Mọ̀gàríbì. Bí ó ṣe gbọ́ ìpè náà, ọwọ́ rẹ̀ tí ọdún mọ́kànlá ti kọ́ kò bi í léèrè. Ó dìde, ó na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí Àlàájì tó ń lọ ṣàlùwàlá.

Àlàájì wo kọ́kọ́rọ́ náà. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ló bi í.

Ojú ti Marufat. Ó fẹ́ fa ọwọ́ padà, Àlàájì ní kó dúró bẹ́ẹ̀. Ó tú ìdè kọ́kọ́rọ́ tó wà lára bẹ́líìtì rẹ̀, ó yọ ti géètì, ó rọra kì í bọ òrùka kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà, ó sì pa ìka Marufat dé lé méjèèjì lórí.

"Máa tì í pa tí o bá wọlé," ló wí, ó sì lọ kírun.